Ìlẹ̀kẹ̀ Tí Lìádì Sín Nídìí Gàrí

Ní Aba Oníkòkó, níbi tí ọ̀nà eléruku ti yà kúrò lára títì tó lọ sí Ìyànà Ọ̀fà, gàrí ni gbogbo èèyàn fi mọ Lìádì, ìyàwó Sàníù. Gàrí rẹ̀ máa ń gbẹ dáadáa, ó máa ń kan níwọ̀n, kì í sì í ní yanrìn nínú. Àwọn oníbàárà tó ń ti Ìbàdàn wá á kọjá lára gàrí ẹlòmíràn, wọ́n á ní ti ìyàwó Sàníù ni àwọn fẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ ni pé kí ọwọ́ yẹn tó mọ gàrí, ìlẹ̀kẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ̀.

Nígbà tó wà lọ́mọge, ó kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Màmá Olúrẹ̀mí ní Ìyànà Ọ̀fà. Obìnrin náà fẹ́ràn ìlẹ̀kẹ̀ bí ẹni fẹ́ràn oyin. Kì í tà á o. Tirẹ̀ ló ń sín, ti ọrùn, ti ọwọ́, ti etí, èyí tí yóò wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ọ̀sán bá pọ́n tí oníbàárà kò sí, á gbé àwo ìlẹ̀kẹ̀ lé itan, á máa kọ orin ìsìn lábẹ́lẹ̀. Lìádì á fi aṣọ tó ń rán sílẹ̀, á lọ jókòó tì í. Kí ó tó gba fíríìdọ̀ọ̀mù, kò sí irú ìlẹ̀kẹ̀ tí ọ̀gá rẹ̀ ń sín tí òun náà kò lè sín. Màmá Olúrẹ̀mí á di ọwọ́ rẹ̀ mú, á ní, "Ọwọ́ yìí, Ọlọ́run ló fún ẹ. Má fi í ṣòfò."

Lìádì lọ́kọ, ó dé Aba Oníkòkó, ó bímọ, ẹ̀gẹ́ sì gba gbogbo ọjọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ gàrí mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. A ó wu ẹ̀gẹ́ lóko, a ó bó o, a ó fọ̀ ọ́, a ó gbé e lọ sídìí ẹ́ńjìnnì kí wọ́n lọ̀ ọ́. A ó dì í sínú àpò, a ó fi jáàkì tẹ̀ ẹ́ kí omi rẹ̀ ro dànù, a ó jọ̀ ọ́, a ó wá yan án nídìí iná tí èéfín rẹ̀ ń tani lójú. Kí èèyàn tó parí ti òní, ti ọ̀la ti ń dúró ní ẹ̀yìnkùlé. Agolo mílíìkì tí Lìádì kó ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ sí bá a dé ilé ọkọ, ṣùgbọ́n abẹ́ ibùsùn ló ń gbé.

Ọdún Iléyá kan dé, ó ní òun náà á fi iṣẹ́ ọwọ́ òun ṣọdún. Ìkánjú ló fi sín in. Ó ń ro ọbẹ̀, ó ń sín ìlẹ̀kẹ̀. Ó ń wẹ ọmọ, ó ń sín ìlẹ̀kẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tó fi sọ́rùn láàárọ̀ ọdún, ó rẹwà. Wọ́n dé yídì, wọ́n tò, ìrun bẹ̀rẹ̀. Bí Lìádì ṣe tẹ̀ síwájú ní rúkúù báyìí, okùn já. Ìlẹ̀kẹ̀ fọ́n sórí ẹní, ó ń yí lọ sábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn tó wà níwájú. Nígbà tí wọ́n kírun tán, Fàdìlàt, tí wọ́n jọ ń yan gàrí lábẹ́ àtíbàbà kan náà, wo ilẹ̀, ó wo Lìádì, ó ní, "Lìádì, adìẹ ta lo ń fún lóúnjẹ ní yídì?"

Ẹ̀rín sọ. Fàdìlàt kì í ṣe ìkà, ẹnu rẹ̀ ló yá. Ṣùgbọ́n Lìádì tẹ̀ba, ó ń ṣa ìlẹ̀kẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ àwọn èèyàn, ojú rẹ̀ sì ń gbóná. Nígbà tó délé, ó kó gbogbo rẹ̀ padà sínú agolo, ó gbé e sókè àjà. Láti ọjọ́ náà, bí ọkàn rẹ̀ bá fà sí i, á ní kò sáyè. Òótọ́ ni, kò sáyè. Ṣùgbọ́n bí àyè bá tilẹ̀ ṣí sílẹ̀ díẹ̀, á rántí ẹ̀rín ọjọ́ yẹn, á sì wá iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Báyìí ló wà títí tí Lèmọ́mù fi kéde lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀ pé wọ́n fẹ́ wé láwàní Ìyá Àdínì fún ìyá Sàníù, tí gbogbo aba ń pè ní Ìyá Àgbà. Kò sí ẹni tó yà lẹ́nu. Obìnrin náà ló kó àwọn obìnrin jọ tí wọ́n fi ru yanrìn àti omi nígbà tí wọ́n ń kọ́ mọ́sáláṣí. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í sì í yin èèyàn lójú. Lìádì ti ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ látìgbà tó ti wọlé ọkọ, kò tíì gbọ́ kó sọ pé ọbẹ̀ òun dùn. Kìkì pé á nu àwo mọ́.

Lọ́jọ́ tí Roheem, ẹ̀gbọ́n Sàníù, ti Ìbàdàn wá kí wọn kú oríire, ó ní òun á lọ sí Gbági lọ ra ìlẹ̀kẹ̀ olówó iyebíye tí Ìyá á fi sọ́rùn lọ́jọ́ náà.

Ìyá Àgbà mi orí. "Ìlẹ̀kẹ̀ tútù ni kó o rà wá, èyí tí wọn ò tíì sín. Ọlọ́wọ́ ìlẹ̀kẹ̀ wà nínú ilé mi, mi ò lè máa fi iṣẹ́ ẹlòmíì sọ́rùn."

Lìádì tó ń gbé omi bọ̀ wá fún àlejò dúró gbagidi. Ó kúnlẹ̀. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ n kó ìtìjú bá yín. Ìlẹ̀kẹ̀ mi já ní yídì. Gbogbo ayé ló rí i."

"Èmi náà rí i," ni Ìyá Àgbà dáhùn. "Okùn ló já. Ọwọ́ rẹ ò já."

Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó tún fi kún un ni pé kí ìlẹ̀kẹ̀ náà má máa dán yinrin bíi ti ọmọge. Lìádì ronú sí i, ó sọ fún Roheem pé, "Bọ̀dá, ẹ bá mi wá èyí tó pupa bí ẹyìn tó pọ́n, àti èyí tó ní àwọ̀ kòkó gbígbẹ." Roheem sì rà á wá bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ìlẹ̀kẹ̀ dé, àyè ni kò dé. Lìádì ní òun á máa ṣe é lẹ́yìn ìrun ìṣáì, ṣùgbọ́n oorun ò jẹ́ kó rí ihò ìlẹ̀kẹ̀. Ó ní òun á máa jí ṣáájú àsùbáà, ara tí èéfín ti lù ní gbogbo ọjọ́ kọ̀, kò dìde. Bí ó bá sì gbé àwo kalẹ̀ lọ́sàn-án, ọmọ á pè é, tàbí kí ẹni tó fẹ́ ra gàrí dé. Ọjọ́ ìwéláwàní ń sún mọ́lé, ọrùn ìlẹ̀kẹ̀ kan ò tíì jáde. Ó wá di gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ náà sínú ọ̀rá, ó gun ọ̀kadà lọ sí Ìyànà Ọ̀fà, ó ní kí Màmá Olúrẹ̀mí bá òun sín in. Ta ni yóò mọ̀?

Ó bá Màmá Olúrẹ̀mí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Irun rẹ̀ ti funfun, gíláàsì ojú rẹ̀ sì ti nípọn, ṣùgbọ́n àwo ìlẹ̀kẹ̀ ṣì wà lórí itan rẹ̀.

"Háà, Lìádì! Ìwọ ọmọ yìí, o pa mí tì!"

"Ẹ má bínú, Mà. Iṣẹ́ ni, Mà." Lìádì kúnlẹ̀, ó kí i tán, ó tú ọ̀rá, ó ṣàlàyé ohun tó bá wá.

Màmá Olúrẹ̀mí gbọ́ ọ tán. "Ìwọ ńkọ́? Kí ló ṣe ọwọ́ tìrẹ?"

"Mi ò ráyè, Mà."

"Ta ló ráyè?" Ó bọ́ gíláàsì, ó wo Lìádì dáadáa. "Nígbà tó o wà níbí, ṣé o rò pé mo ráyè? Ilé ń pè mí, ọmọ ń pè mí, oníbàárà ń bínú. Àárín oníbàárà kan sí èkejì ni mo ń sín tèmi. Ẹni tó bá ń retí ọjọ́ tí gbogbo iṣẹ́ á tán kó tó ṣe ohun tó wù ú, á retí títí."

Lìádì wá sọ èyí tó wà nísàlẹ̀ ikùn rẹ̀. "Mà, èyí tí mo sín kẹ́yìn já mọ́ mi lọ́rùn láàárín èrò. Ẹ̀rù ń bà mí."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ìyẹn ni kó o kọ́kọ́ sọ." Màmá Olúrẹ̀mí mú ìlẹ̀kẹ̀ kan nínú ọ̀rá, ó fi etí ihò rẹ̀ ha èékánná àtàǹpàkò rẹ̀. "Gbọ́ bó ṣe ń ha. Etí rẹ̀ mú. Irú èyí ló ń gé okùn díẹ̀díẹ̀. Yọ ọ́ sọ́tọ̀. Èyí tí kò bá ha ẹ léèékánná ni kó o lò. Sọ okùn rẹ di méjì, kó o máa so kókó láàárín ìlẹ̀kẹ̀ kan sí èkejì, kódà bí okùn kan bá já, ìlẹ̀kẹ̀ ò ní dà nù. Mo kọ́ ẹ ní gbogbo èyí, ìkánjú ni ò jẹ́ kó o rántí." Ó fa àpótí kan sún mọ́ ọn. "Jókòó. Sín díẹ̀ níwájú mi kó o tó lọ."

Lìádì jókòó nítorí pé kò lè sọ pé rárá. Ìlẹ̀kẹ̀ àkọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, èkejì náà bọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ìka rẹ̀ rántí. Ó mú, ó sín, ó so. Pupa tẹ̀lé pupa, àwọ̀ kòkó dé sí àárín wọn, wọ́n sì bá ara wọn mu bí ìgbà tí wọ́n ti jọ ń gbé tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ ń kọjá lójú títì, àwọn èèyàn ń ná ọjà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kò gbọ́. Nígbà tí Màmá Olúrẹ̀mí fọwọ́ tọ́ ọ léjìká pé oòrùn ti ń wọ̀, ó yà á lẹ́nu. Kò tíì jẹun ọ̀sán, ebi ò sì pa á. Ó ti pẹ́ gan-an tó ti ṣe ohunkóhun tí kì í ṣe torí ọkọ, torí ọmọ tàbí torí ọjà. Ó ti gbàgbé pé ó máa ń dùn tó bẹ́ẹ̀.

Kò fi ìlẹ̀kẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Màmá Olúrẹ̀mí mọ́. Ó gbé e padà wálé.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ó dé àtíbàbà gàrí, ó wá fojú sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lójoojúmọ́ tí kò kà sí. Dídúró pọ̀ nínú iṣẹ́ gàrí. Èèyàn á dúró de ẹ́ńjìnnì. Bí wọ́n bá sì ti fi jáàkì tẹ àpò tán, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe ju kí ó máa wo omi ẹ̀gẹ́ bó ṣe ń ro. Àwọn kan á sùn, àwọn kan á máa sọ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Òun náà ti máa ń sùn. Lọ́jọ́ náà, ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ọwọ́ kí omi ẹ̀gẹ́ lè kúrò, ó jókòó ti ògiri, ó gbé àwo kalẹ̀.

Fàdìlàt ló kọ́kọ́ rí i. "Ẹ wò ó! Oúnjẹ adìẹ tún ti dé!"

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Lìádì ò dá ọwọ́ dúró. "Ó ti dé o," ló dáhùn. "Tó bá tún já, ìwọ ni n ó kó o fún. Adìẹ tìrẹ ló rù jù ní aba yìí."

Ẹ̀rín kejì yìí ju ti àkọ́kọ́ lọ, Fàdìlàt alára sì wà nínú àwọn tó rín in.

Kò rọrùn ní ìbẹ̀rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń gbá ìlẹ̀kẹ̀ dà nù, wọ́n ń yí bọ́ sínú ẹrẹ̀ omi ẹ̀gẹ́. Lìádì wá rin aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, ó tẹ́ ẹ sínú àwo, ó da ìlẹ̀kẹ̀ lé e, wọ́n sì jókòó jẹ́ẹ́. Díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la. Ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá bàjẹ́ tí gbogbo èèyàn ń bú ẹni tó ni ín, Lìádì nìkan ni inú rẹ̀ ń dùn.

Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin náà fi ń sún àpótí wọn mọ́ ọn. Bí ó bá ti ń bọ̀ lọ́nà, wọ́n á ti béèrè pé, "Lìádì, ibo lo bá a dé?" Ìbéèrè yìí kò jẹ́ kó lè wá lọ́wọ́ òfo. Bí kò bá wù ú láti sín in lọ́jọ́ kan nítorí àárẹ̀, á rántí pé wọ́n á béèrè, á mú àwo dání.

Ó ti sín ọrùn mẹ́ta tán, ó gbé wọn sókè síbi ìmọ́lẹ̀, àwọn obìnrin ń pariwo pé ó dára. Lìádì wò ó, ó tún un wò. Lẹ́yìn náà ló mú abẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó gé èyí tó wà láàárín dà sínú àwo.

"Yéè!" Fàdìlàt fò dìde. "Ṣé orí ẹ pé?"

"Ó wọ́," ni Lìádì wí. "Àwọ̀ kòkó yẹn pọ̀ jù lápá kan."

"Ta ló máa rí i?"

"Èmi ti rí i."

Fàdìlàt jókòó padà, ó ń wo ọwọ́ Lìádì bó ṣe tún ń bẹ̀rẹ̀ láti ìdí. Nígbà tí wọ́n kéde pé àpò Lìádì ti ro, tó sì fẹ́ gbé àwo kalẹ̀, Fàdìlàt dá a dúró. "Jókòó síbẹ̀. Èmi ni n ó bá ẹ jọ̀ ọ́. Àwa la fi okùn ẹ tó já ṣe yẹ̀yẹ́, àwa náà la máa jẹ́ kó o parí ẹ̀." Kò tọrọ àforíjì ju bẹ́ẹ̀ lọ, Lìádì ò sì retí jù bẹ́ẹ̀.

Sàníù náà kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó jọ ìyá rẹ̀. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àpò lọ sídìí jáàkì fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti oko dé, ó sì ń bá àwọn ọmọ pọn omi. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ náà parí, ó ní kí Lìádì fún òun ní ọ̀kan. Ó di orí rẹ̀ méjèèjì mú, ó fà á bí ẹni tó ń gbìyànjú okùn ewúrẹ́. Lìádì pariwo, "Bàbá Mùjí!" Okùn ò mira. Sàníù gbé e lé e lọ́wọ́, ó ní, "Ìyá Mùjí, èyí lè so màlúù." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jáde.

Ọjọ́ ìwéláwàní pé. Iwájú mọ́sáláṣí kún, àwọn èèyàn wá láti Lálúpọn àti Ẹ̀rúnmu, àwọn mìíràn sì wá láti inú Ìbàdàn. Nígbà tí wọ́n mú Ìyá Àgbà jáde, aṣọ funfun ló wọ̀. Lórí aṣọ funfun yẹn ni ìlẹ̀kẹ̀ wà, ọrùn lé ọrùn, pupa bí ẹyìn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, àwọ̀ kòkó ń yọ láàárín rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó wà ní ọwọ́ rẹ̀ náà. Kò dán yinrin. Ó wúwo lójú, ó sì bá àgbà mu. Lìádì dúró lẹ́yìn láàárín àwọn aládùúgbò, kò lè wo ibòmíràn.

Lèmọ́mù wé láwàní tán, wọ́n ṣe àdúà. Obìnrin kan tó bá ọkọ rẹ̀ wá láti Ìbàdàn, Alhaja Àsmá'ù, sún mọ́ Ìyá Àgbà láti kí i. Kò lè mú ojú kúrò lọ́rùn rẹ̀. "Ìyá, ẹ kú oríire. Ìlẹ̀kẹ̀ yín yìí, ṣé Sáúdí ni wọ́n ti rà á wá fún yín ni?"

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín. Àwọn tó mọ̀ ọ́n yíjú, nítorí pé ẹ̀rín rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ó gbé ohùn sókè. "Lìádì dà? Lìádì, máa bọ̀ níbí."

Lìádì bọ́ síwájú, ó kúnlẹ̀. Ìyá Àgbà na ọwọ́, ó fà á dìde, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè kí gbogbo èèyàn lè rí i, ọwọ́ tí iná agbada ti jó lápá ibí àti ọ̀hún.

"Ọwọ́ rèé," ló wí. "Kì í ṣe Sáúdí. Ọwọ́ yìí ló ń yan gàrí tí ẹ ń rà lọ sí Ìbàdàn. Òun náà ló sín èyí tí mo fi sọ́rùn. Ìyàwó ọmọ mi ni. Mo fi í yangàn."

Àwọn obìnrin abẹ́ àtíbàbà hó yèè, ohùn Fàdìlàt ló ga jù. Orí Lìádì wú. Ó fẹ́ tẹjú mọ́ ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ṣùgbọ́n orí kọ̀, ó dúró sókè bó ṣe wà. Ó rí Màmá Olúrẹ̀mí, tí òun fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ pè, láàárín èrò, tó ń fi etí gèlè nu gíláàsì ojú rẹ̀. Ó rí Sàníù tó nàró ṣánṣán láàárín àwọn ọkùnrin bí ẹni pé òun ni wọ́n wé láwàní fún.

Lẹ́yìn oúnjẹ, Alhaja Àsmá'ù wá Lìádì rí. Ó ní òun ní ṣọ́ọ̀bù, kí ó máa sín ìlẹ̀kẹ̀ fún òun, gbogbo èyí tó bá lè sín ni òun á máa gbà.

Lìádì dúpẹ́ tìyìntìyìn. "Alhaja, Ọlọ́run á bùkún yín. Ẹ má bínú sí mi. Gàrí ni mo ń tà. Èyí, mo ń ṣe é ni."

Nígbà tí Alhaja lọ tán, Fàdìlàt gbá a lápá. "Ọjà wá bá ẹ délé, o lé e padà!"

"Bí mo bá sọ ọ́ di ọjà, á di gàrí kejì," ni Lìádì fèsì. "Wọ́n á máa pè mí lórí fóònù pé ó dà. Mo fẹ́ ní nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni kì í bi mí pé ó dà."

"Àwa ò ha ń bi ẹ́ ni?"

"Ẹ̀yin yàtọ̀."

Fàdìlàt rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò. "Ṣé wàá kọ́ mi?"

Lìádì kọ́ ọ. Ó kọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́. Ẹ̀gbà ọwọ́ tí Fàdìlàt kọ́kọ́ sín wọ́ bí ọ̀nà oko, ó sì wọ̀ ọ́ lọ sí ọjà, sí oko, sí ibi gbogbo, ó ń nawọ́ sí èèyàn kí wọ́n tó kí i. Lìádì ti bẹ̀rẹ̀ tara rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ àwọ̀ ojú ọ̀run tí Roheem tún bá a wá. Kò dá ọjọ́ tí yóò parí fún un.

Tí ẹ bá gba Aba Oníkòkó kọjá lọ́sàn-án, ẹ ó bá wọn níbẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà, àwo lórí itan kálukú. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin tó ń tẹ jáàkì nawọ́ pè wọ́n pé kí wọ́n wá gbé ẹ̀gẹ́ wọn, omi rẹ̀ ti ro tán. Kò sí ẹni tó gbé orí sókè.

"Jẹ́ kó tún ro díẹ̀ sí i!" ni gbogbo wọn fi ẹnu kan náà dá a lóhùn.